Ẹsẹ̀ Ni Mo Ṣe Jẹun: Láti Ara Èèyàn Dé Ara Ẹ̀rọ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ayé mi ṣe, màá ní ẹsẹ̀ ni. N kò ta bàtà, n kò sì to egungun. Ẹsẹ̀ gan-an ni mo ń ṣe, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ti èèyàn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀rọ ni mo fi parí rẹ̀: ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń rìn lórí àpáta bí ẹran, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Orúkọ mi ni Ràfátù, Màmá Síkírù, ọmọ Èrúwà. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ẹ̀yin ọmọ tó ń jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú, ẹ̀yin ni mo torí yín kọ èyí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Nọ́ọ̀sì ni bàbá mi fẹ́ kí n ṣe, máàkì mi kò tó. Ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti gé. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kéré, ṣùgbọ́n ó ń wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Bàbá Ṣọlá ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà. Onígbàgbọ́ ni, ó ga, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ lọ. Igi àti awọ la fi ń ṣe ẹsẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, mo máa ń ṣa àgékù igi, màá fi gbẹ́ gìgísẹ̀ bí mo ṣe ń rí i tí ọ̀gá ń gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan ó bá ọ̀kan lábẹ́ tábìlì.

"Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Mo kàn ń wò yín ni, sà."

Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì jù ú sílẹ̀. "Ó wọ́. Gbẹ́ òmíràn."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbẹ́ gìgísẹ̀ nìkan, n kò gbẹ́ nǹkan mìíràn. Gbogbo èyí tí mo bá gbé wá, ó wọ́. Nígbà tó yá, mo ń gbẹ́ gìgísẹ̀ lójú oorun.

Ọjọ́ tí mo rò pé ó máa wá gbé odindi ẹsẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó, kí n ká orúnkún mi sẹ́yìn. Ó fi bẹ́líìtì dì í pinpin, ó sì so ẹsẹ̀ onígi mọ́ orúnkún náà nísàlẹ̀. "Dìde. Lọ pọn omi wá. Tí o bá dé, gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì dókítà, kó o sọ fún wọn pé mo kí wọn. O ò ní tú u títí a ó fi ṣíwọ́." Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ omi. Àwọn aláìsàn ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo sunkún. Mo pè é ní ìkà nínú ọkàn mi.

Nígbà tó tú u nírọ̀lẹ́, orúnkún mi ti bó. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Ràfátù, gbọ́ mi dáadáa. Ẹsẹ̀ tí ara tìẹ kò bá kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, o ò gbọdọ̀ gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ." Lọ́jọ́ kejì, àgbẹ̀ kan wọlé láti Ayétẹ̀. Kó tó la ẹnu ni mo ti mọ ibi tí etí awọ máa ń gé e.

Mo bá Bàbá Ṣọlá ṣiṣẹ́ títí ó fi kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. A kúrò lórí igi, a dórí píọ́pì, ẹfun tó ń le bí òkúta bí a bá pò ó mọ́ omi, tí a fi ń mú ìrísí kùkùté ẹsẹ̀ aláìsàn. A kúrò níbẹ̀, a dórí ike tí a ń yan nínú ààrò títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ohun tí kò yí padà ni àwọn tó ń wọlé: àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ, ọlọ́kadà tí ọkọ̀ gbá, àti àwọn òṣìṣẹ́ kúárì.

Àwọn ti kúárì ló máa ń dùn mí jù, nítorí ó dà bíi pé ènìyàn lè dá tiwọn dúró. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ àpáta: wọ́n á gbẹ́ ihò sára rẹ̀, wọ́n á ki ẹ̀tù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọn fèrè kí gbogbo èèyàn sá, wọ́n á wá yìn ín. Ìgbà mìíràn, ẹ̀tù inú ihò kan á kọ̀, kò ní bú. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ rìn lọ wò ó. Sàláwù, ọ̀kan nínú wọn, ló lọ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ẹ̀tù tó kọ̀ náà gbà nígbà tó dé ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀ orúnkún.

Ọjọ́ tí mo wọ ẹsẹ̀ tuntun fún un, ó dìde, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó sì dúró síwájú mi. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀tù bá tún kọ̀ lọ́la, ta ló máa lọ wò ó?"

Wọ́n gbà á padà ní kúárì, wọ́n ní kó máa fọn fèrè, kó sì máa ka iye ẹ̀tù tó bú. Ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò létí mi.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí Ẹnjiníà Kúnlé wá bá mi. Ọmọ Ìdèrè ni, ó jẹ́ ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn mi, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ó gba ilé ìṣegàrí kan tó ti di ahoro ní Ìgbó-Ọrà, òun àtàwọn ọ̀dọ́ márùn-ún sì ń ṣe ẹ̀rọ kan níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ bíi tiyín. Ẹ̀rọ mi mọ ìrìn, kò mọ ilẹ̀."

Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tó tan nǹkan náà, tó sì dìde nílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí mi wú. Ó tó àgùntàn ńlá, kò ní orí, ojú rẹ̀ jẹ́ kámẹ́rà méjì níwájú àyà. Ó rìn yí mi ká lórí sìmẹ́ńtì bí ọba. Wọ́n gbé e dórí òkúta lẹ́yìnkùlé, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ṣubú yakata. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Rọ́bà líle roboto ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí orí odó.

"Ẹnjiníà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Kò ní, Màmá."

"Abájọ."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣe ọrùn ẹsẹ̀ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é fún èèyàn: rọ́bà láàárín irin méjì, kó lè tẹ̀ síbi tí ilẹ̀ bá tẹ̀ sí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ náà gbé ogún ìṣísẹ̀ lórí òkúta yẹn kó tó ṣubú. Mo rántí Sàláwù. Mo sọ fún Kúnlé pé, "Mo mọ ibi tí ẹ̀rọ yìí ń lọ." Kò pẹ́ tí mo fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, mo sì dara pọ̀ mọ́ wọn.

Báyìí ni mo ṣe padà di ọmọ iṣẹ́. Kúnlé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ẹsẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, àti bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán náà fún ẹ̀rọ kan tó ń yọ́ ike, tó ń tò ó lé ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ohun tí a yà yóò fi jókòó síbẹ̀. Òun náà le bíi Bàbá Ṣọlá, àfi pé ọ̀wọ̀ wà nínú tirẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n." Mo ti ń fojú wọn nǹkan láti ìgbà tí kò tíì sí láyé! Ṣùgbọ́n mo mú tẹ́ẹ̀pù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Èmi náà kọ́ ọ láti máa bọ́ bàtà kó tó sọ pé òun mọ ilẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ti àdánù wa, nítorí ẹ̀bi mi ni.

Mánéjà kúárì tí Sàláwù wà gbà láti wá wo ẹ̀rọ náà lórí àpáta ní Èrúwà. Ó kó àwọn ọ̀gá mìíràn lẹ́yìn. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, mo fi tuntun kan tó dúdú, tó ń dán, sí i. Lórí àpáta gbígbẹ, ó lẹ̀ bí àtè. Òjò winniwinni rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kúnlé yọ sí mi wẹ́rẹ́, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti dán rọ́bà yìí wò nínú omi?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn: "Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ni mo ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ."

Ẹ̀rọ náà gun àpáta, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ìdajì, ó tẹ ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ gbirigbiri, ó dorí kọ àwọn àlejò. Kúnlé fò síwájú, ó gbá okùn tó wà lára rẹ̀ mú, ó sì fà á yà kúrò lọ́nà wọn. Okùn náà lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì. Ìka méjì ni wọ́n gé kúrò ní ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ẹlòmíràn tó fara pa. Mánéjà wọ mọ́tò rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn.

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn bí ẹni tí wọ́n lù. Nígbà tí ìyá Kúnlé dé láti Ìdèrè, mo kúnlẹ̀ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. "Èmi ni, Màmá Kúnlé. Ọmọ yín bi mí léèrè, mo fi ọjọ́ orí bò ó lẹ́nu." Ó fà mí dìde. A jọ sunkún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí orúnkún mi tó bó àti Bàbá Ṣọlá tó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Òfin kan ṣoṣo tí ó fún mi, mo ti rú u.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ Kúnlé títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Màmá, ẹsẹ̀ wo la tún máa ṣe?"

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá rí ẹni tó bi yín nírú ìbéèrè yẹn lẹ́yìn tí ẹ ti ba tirẹ̀ jẹ́, ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láé.

Gbogbo òjò ọdún náà, mo ń lọ jókòó sídìí àpáta yẹn pẹ̀lú agboòrùn. Ewúrẹ́ ni mò ń wò. Bí òjò bá dá tí ara àpáta ń yọ̀, ewúrẹ́ á gùn ún bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé. Mo kọjá sọ́dọ̀ alápatà, mo ní kó bá mi kó ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mẹ́jọ.

"Ẹ fẹ́ ṣe àlejò ni, Màmá Síkírù? Ṣé kí n bá yín gé e?"

"Má gé e. Kì í ṣe jíjẹ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, kíkà ni mo fẹ́ kà á."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Mo fi ayùn la ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kà á bí ìwé. Etí pátákò rẹ̀ le, ó mú, òun ló ń di ojú òkúta mú. Àárín rẹ̀ rọ̀, ó ń fẹ̀ bí ẹran náà bá tẹ̀ ẹ́. Ó sì là sí méjì, ọ̀kan lè lọ sókè kí èkejì lọ sísàlẹ̀. Mo fi táyà mọ́tò ṣe etí, mo fi rọ́bà rírọ̀ ṣe àárín, mo sì là á sí méjì. Kó tó kan ẹ̀rọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí bàtà mi, mo sì gun àpáta tútù fúnra mi, tèmi ti ọjọ́ orí mi, àwọn ọmọ di okùn mọ́ mi níbàdí. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún etí rẹ̀ gé. Ìgbà kẹta, mo dé òkè, mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń wo àwọn òrùlé Èrúwà nísàlẹ̀ bí ẹni tó gba oyè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a fi í sẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ó gùn ún nínú òjò, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, kò yọ̀. Sàláwù bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nítorí òun ló mọ ojú kúárì jù. Òun àti Kúnlé dọ̀rẹ́. Wọ́n á jókòó, Sàláwù á fi ìka tí kò sí ṣe Kúnlé ní yẹ̀yẹ́, Kúnlé á fi ẹsẹ̀ tí kò sí san án padà, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni fóònù mi dún.

"Màmá, Sàláwù ni. Ihò mẹ́wàá la ki. Mẹ́sàn-án ni mo kà."

A gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, a forí lé kúárì. Nígbà tí a débẹ̀, Sàláwù ló dúró sójú ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. Mánéjà ti fẹ́ rán ẹnìkan lọ. Sàláwù ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè títí dé orúnkún, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ wá wo èyí." Mánéjà rí èmi àti Kúnlé, ó rí ọwọ́ òsì Kúnlé. Ó yà kúrò lọ́nà fún wa.

A sá pamọ́ sẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Sàláwù mú ohun ìdarí, gbogbo wa sì kó ojú lé àwòrán tí kámẹ́rà ń fi ránṣẹ́. Òkúta tí ẹ̀tù ti fọ́ ló wà níwájú, gbogbo rẹ̀ rí jágajàga, kò sí èyí tó jókòó dáadáa. Ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti àpò ẹ̀tù kékeré lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ yìn láti òkèèrè kó lè mú ti inú ihò bú. Ní ìdajì ọ̀nà, òkúta kan yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Ẹnìkan kígbe. Mo di ìka mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ òsì Kúnlé mú, mo fún un pinpin. Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ wò, ó sì dìde.

Ó dé ìdí ihò kẹwàá. A rí okùn iná tó já níbẹ̀ kedere, bí ẹni pé a dúró lé e lórí. "Bisimilahi," ni Sàláwù wí, ó sì mú kó gbé àpò ẹ̀tù náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ó wá dá a padà. N kò tíì rí ìrìn tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yọ lẹ́yìn òkìtì, tó sì dúró síwájú wa, Sàláwù fọn fèrè, wọ́n yìn ín. Ilẹ̀ mì tìtì. Eruku gbogbo kúárì dìde.

"Mẹ́wàá," ni Sàláwù wí. Ó gbé ohun ìdarí sílẹ̀, ó dorí kodò, ó sì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ya bò wá. Wọ́n gbé Kúnlé, wọ́n gbé Sàláwù, wọ́n ní àwọn máa gbé èmi náà, mo ní kí wọ́n má ṣe mí léṣe. Wọ́n ń jó yí ẹ̀rọ náà ká, wọ́n ń kọ "Òbúkọ! Òbúkọ!" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára di òní. Ẹnikẹ́ni kò lọ wo ẹ̀tù tó kọ̀ ní kúárì yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Òbúkọ ló ń lọ.

Ìròyìn tàn. Àwọn kúárì mìíràn ra tiwọn, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú òpó iná lórí òkè náà wá. Ilé ìṣegàrí kan di mẹ́ta, àwọn ọmọ Ìgbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ẹsẹ̀ sì wá ju ogún lọ.

Ọ̀gá sójà kan wá bá wa, aṣọ ilé ló wọ̀. Ó wo Òbúkọ tó ń gun òkè, ó mi orí. Ó wá béèrè pé ṣé a lè gbé ìbọn lé e. Kúnlé wo ojú mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ni mo ń fún èèyàn láti ìgbà èwe mi. Tó bá jẹ́ láti lọ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ẹ lọ wá oníṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ má baà tẹ̀ ẹ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká bu omi fún yín."

Ó fa àga, ó jókòó. "Màmá, mo ní ọmọ ogun méje tí wọn ò lè wọ bàtà méjì mọ́. Ẹ bu omi náà wá." Orí bọ́ǹbù àti ẹrù gbígbé nìkan la kọ ìwé àdéhùn lé, orí rẹ̀ náà ló sì wà.

Mo fẹ̀yìntì sílé bàbá mi ní Èrúwà. Bísí, ọmọbìnrin Ayétẹ̀ kan tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ báyìí, ló jókòó sórí àga mi. Ohun tí mo rí sọ fún yín kò pọ̀. Ẹ má bẹ̀rù iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ dà bí ìgbálẹ̀. Ẹ fẹ́ràn ọ̀gá tó le, tó bá jẹ́ pé ó ń bá yín fọ ọgbẹ́. Tí irinṣẹ́ bá sì yí padà, ẹ bá a yí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba ọwọ́ yín kúrò lára ẹni tí ẹ ń ṣe é fún.

Lóṣù tó kọjá, mo ń sá ẹ̀gúsí níwájú ilé nígbà tí ọ̀gá sójà yẹn pè mí láti ibi jíjìn kan tí kò dárúkọ. Ohùn rẹ̀ ga.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bọ́ǹbù kan bú mọ́ Òbúkọ lórí ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ti lọ pátápátá."

"Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí, mà. Wọ́n ń jẹun. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́, kí ẹ sì tètè fi ẹsẹ̀ mìíràn ránṣẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín, títí ìdúró fi rẹ̀ mí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí mi. Mo wá wọlé, mo wé gèlè, mo mú tẹ́ẹ̀pù mi, mo sì dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Màmá, ibo là ń lọ tí inú yín dùn báyìí?"

"Ìgbó-Ọrà ni. Sáré díẹ̀, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ kan ti gé, kò sì sí ẹni tó ń sunkún."